Ibi Tí Pẹ́pẹ́yẹ Ń Lọ

Ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́, kó má yà sílé wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní yàrá iwájú. Yàrá ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ọkùnrin, níbi tó ti ń tún fèrè onídẹ ṣe, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń fun ún. Bí ẹ̀rọ mi bá ń dún gàrà-gàrà níwájú, ẹnì kan á máa fun fèrè lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó ti mọ́ mi lára. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ gan-an ni ọwọ́ mi máa ń ṣì.

Ọmọ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Pẹ́pẹ́yẹ là ń pè é, torí pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé fèrè sẹ́nu, ohùn tó jáde, pẹ́pẹ́yẹ gan-an ì bá dá a lóhùn. Kò pẹ́ tó fi yà wá lẹ́nu. Ọmọ náà wá mọ fèrè í fun débi pé àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi á dìde, màá máa yọ̀, màá rò pé wọ́n fẹ́ ránṣọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ ránṣọ nínú wọn.

Ohun àrà kan wá bẹ̀rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ á máa fun fèrè lọ, orin á dùn, á ṣàdédé dákẹ́ láàárín orin. Fèrè á wà lẹ́nu rẹ̀, ìka á wà lórí bọ́tìnì, ojú á là sílẹ̀ kedere. Kò ní pẹ́ ju ìgbà tí mo máa fi ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tún máa bá orin lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ máa ń dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Á gbé fèrè tirẹ̀ sọ́wọ́, á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, á dúró dè é. Bí ọmọ bá padà dé, á rẹ́rìn-ín, á bi í pé, “Níbo lo lọ?”

“Mi ò lọ ibì kankan, Dádì.”

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, àwa nìkan la lè ṣe irú ẹ̀. Nínú iṣẹ́ àbúrò mi, ohun tó le jù láti kọ́ ọmọdé ni ìsinmi. Inú gbogbo orin ni ibi tó yẹ kéèyàn ti dákẹ́ wà, àmọ́ ọmọdé kì í fẹ́ dákẹ́, wọ́n á fun ún já. Nígbà tó wá rí ọmọ tirẹ̀ tó ń dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?” ó sáré wọ yàrá iwájú. “Àgbà afunfèrè ló ń dákẹ́ báyẹn! Ẹ̀bùn ni!”

Mo ní, “Ewúrẹ́ tó bá ń jẹ iṣu ẹni náà máa ń dákẹ́. Ṣé afunfèrè lòun náà?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kì í ṣe ohun tó ń fi ṣàwàdà. Ó máa ń pe àwọn ọmọ tó ń kọ́ pé kí wọ́n wá wo bí èèyàn ṣe ń sinmi láàárín orin. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń gbé Pẹ́pẹ́yẹ dúró kó máa mí: fà á sínú, tú u síta, fà á, tú u, kíákíá, kí àyà rẹ̀ lè lágbára. Bó bá ṣe ń mí tó ni ìdákẹ́ náà ń pọ̀ tó. Orin kan wà tó ní òkè gígùn kan bí àtẹ̀gùn, téèyàn á fun títí èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí Pẹ́pẹ́yẹ bá ti gun òkè yẹn parí, ó ti lọ nìyẹn. A kò gbọ́ ohun tó kù lẹ́yìn òkè náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ilé ẹ̀kọ́ kò rí i bí ẹ̀bùn. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọmọ náà ń sùn lójú ṣíṣí, pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, á máa wò bọ̀ọ̀. Ìyàwó wa, ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, pe ọmọ jókòó láti bá a wí. Àárín ìbáwí náà ni ọmọ tẹjú mọ́ ọn, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́, kò fèsì.

“Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o wá ń wò mí bí ẹni tó ń wo sinimá!” Ìyàwó wa ti gbọ́wọ́ sókè kí n tó dì í mú. Mo rò nígbà náà pé oríkunkun ni. Ìdílé wa ní oríkunkun, èmi náà mọ̀.

Ọjọ́ tí ojú wa là, èmi àti Pẹ́pẹ́yẹ jọ ń lọ kó yunifọ́ọ̀mù tí mo rán fún ẹni tó ni ín. Aṣọ kún ọwọ́ mi méjèèjì, òun sì gbé àpótí fèrè rẹ̀, ó ń rojọ́ fún mi. Títì là ń sọdá.

“Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé bàtà tíṣà wa…”

Mo dé òdìkejì kí n tó mọ̀ pé mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Àárín títì ló dúró sí, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí kò sí. Lọ́rì kan ń bọ̀. Mo kígbe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Mo da aṣọ aláṣọ sílẹ̀, mo sáré padà. Lọ́rì náà tẹ bíréèkì, ó dún jììì, ó dúró níbi tí mo ti lè fọwọ́ kan imú rẹ̀.

“Ìyá, ṣé ẹ ò lè di ọmọ yín mú ni!” awakọ̀ náà pariwo.

Mo gbá ọmọ mọ́ra. Ó ṣẹ́jú, ó wò mí.

“…já lónìí,” ló wí. “Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí, ta ló da aṣọ sílẹ̀?”

Kì í ṣe lọ́rì ló dẹ́rù bà mí jù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ náà lọ, ó sì bọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé gbóná. Ìyàwó wa ní, “Gìrì ni.”

“Gìrì bíi ti báwo?” ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. “Ọmọ tí gìrì bá mú máa ń ṣubú, á máa gbọ̀n, á máa yọ ìfófó lẹ́nu. Ṣé Pẹ́pẹ́yẹ ṣubú rí?”

“Ẹ gbé fèrè yẹn kúrò nínú ilé yìí, Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ. Òun ló ń gbé ọmọ mi lọ.”

Mo bá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, ó ń nu fèrè kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, “tí wọ́n bá wò ó sàn, tí orin náà bá bá ìdákẹ́ yẹn lọ ńkọ́?”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ sísọ́ọ̀sì lù ú. “Tí lọ́rì bá gbé e lọ, orin wo ló kù? Ọ̀la la ń lọ sọ́síbítù. Tí o ò bá lọ, èmi á gbé e lọ.”

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ọmọdé. Kò pẹ́ tí ọmọ kékeré kan lórí itan ìyá rẹ̀ fi le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo èèyàn dìde. Ẹ sì mọ̀ mí, mi ò lè rí nǹkan kí n má dá sí i. Mo já ṣíbí gbà nínú kúlà oúnjẹ ẹnì kan, mo tì í bọ ẹnu ọmọ náà.

“Ìyá, ẹ dá ṣíbí yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un.” Nọ́ọ̀sì kan ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì pariwo. Ó gbé ọmọ náà sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ti bẹ́ǹṣì sẹ́yìn, ó sì nawọ́ sí mi. “Gèlè yín dára. Ẹ fún mi kí n fi tẹ́ ẹ lórí.” Mo tú u fún un. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ má dì í mú. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì, ṣíbí ló máa fọ́ eyín rẹ̀. Tó bá fẹ́ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, oògùn tó ń dá a dúró wà lọ́wọ́ wa.”

Gbogbo wa dúró. Nǹkan tó burú yẹn ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, obìnrin náà kò sì ṣe ju kó kúnlẹ̀ tì í, kó máa wo aago. Nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà dínkù, ó dáwọ́ dúró. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó wá ìyá rẹ̀ kiri, ó sùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣíbí, bí àdúrà ló ṣe wà lórí mi. Ọwọ́ mi ṣì dì í mú nígbà tí ẹni tó ni ín wá gbà á.

Àbúrò mi sún mọ́ mi létí. “Ṣé ẹ rí i? Tiwa ò jọ èyí rárá.”

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, bàtà ilé ló sì wọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń bi ní ìbéèrè jù, kì í ṣe àwa. Nígbà tí àbúrò mi dé orí ọ̀rọ̀ mímí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ìgbéraga ṣàlàyé rẹ̀, dókítà náà gbé bírò sílẹ̀.

“Bó bá ti ń mí bẹ́ẹ̀ ló ń dákẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì tàsé rí.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

Yàrá kékeré kan ni. Wọ́n fi ohun kan tó ń lẹ̀ lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri orí Pẹ́pẹ́yẹ, àwọ̀ oríṣiríṣi, débi tí orí ọmọ fi dà bí àpótí òwú mi tó dàrú. Wáyà wọ̀nyí kò fi iná kankan sí i lórí, dókítà ní iná tó wà nínú orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ìlà wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń sáré lọ, kò sí méjì tó jọra. Èyí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èkejì ń fò pàtìpàtì. Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n yí padà. Ó pa ojú dé, wọ́n tún yí padà. Mo kàn di bẹ́líìtì àbúrò mi mú lẹ́yìn bí ọmọdé. Ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo ránṣọ fún láti ọjọ́ tó délé ayé, inú orí rẹ̀ ni mò ń wò yìí.

Dókítà fún un ní bébà tí wọ́n gé bí òdòdó, tí wọ́n kàn mọ́ orí igi. “Fẹ́ ẹ kó máa yí. Má jẹ́ kó dúró.”

Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ ẹ. Òdòdó náà ń yí fìrìfìrì. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ. Lójijì ni gbogbo ìlà orí kọ̀ǹpútà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn. Wọ́n ga, wọ́n balẹ̀, wọ́n ga, wọ́n balẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kò sí èyí tó ṣáájú, kò sí èyí tó kẹ́yìn. Òdòdó bébà náà rọra ń dúró. Ó dúró.

“Ọ̀kẹ́rẹ́,” dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

Ọmọ kò mira. Mo gbọ́ tí nǹkan ń lu ilẹ̀. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ni. Láìmọ̀, ó ti ń bá àwọn ìlà náà ka ìlù, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn ò sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà wálẹ̀, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

“Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ létí,” dókítà wí. “Kí ni mo sọ?”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan,” ni Pẹ́pẹ́yẹ fèsì, ó sì ń fẹ́ òdòdó rẹ̀ lọ.

Ìyàwó wa bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rù kọ́, tàbí kí n sọ pé ẹ̀rù nìkan kọ́. Láti bí oṣù mélòó la ti ń bi ọmọ yìí pé níbo lo lọ, a sì ti wá fojú rí ibẹ̀.

“Gìrì ni, ìyá rẹ̀ jàre,” dókítà sọ fún wa. “Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ń gbọ̀n, tí ẹ rí níta, wà. Èyí tí kì í gbọ̀n rárá wà. Iná kékeré kékeré ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan dé ibì kan. Bí ara bá dá, oníkálukú á máa sọ tirẹ̀. Bí gìrì bá dé, gbogbo wọn á máa ké ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.”

Àbúrò mi ṣì ń wo kọ̀ǹpútà. “Bí ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ afunfèrè bá ń fun ohùn kan ṣoṣo.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.”

“Orin ò lè sí níbẹ̀.”

“Kò lè sí. Kò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.”

“Kì í ṣe ìsinmi, nígbà náà.”

“Kì í ṣe ìsinmi, bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ariwo ńlá ló wà nínú orí rẹ̀.”

Àbúrò mi jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu tí mo ti ń kó jọ fún un láti ọjọ́ lọ́rì, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

“Ṣé fèrè ló fà á?” ìyàwó wa béèrè.

“Fèrè kọ́. Ó ti wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ṣe é, kì í ràn. Mímí kíákíá yẹn ló kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ dá ìyẹn dúró, kó sì gbé fèrè kọ́ ná títí oògùn á fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.” Oògùn olómi ni, láàárọ̀ àti lálẹ́. Díẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa bù kún un. Ó lè da inú rẹ̀ rú díẹ̀. A kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì torí pé ara rẹ̀ yá. Kò gbọdọ̀ dá wọ odò lúwẹ̀ẹ́, kò sì gbọdọ̀ dá sọdá títì. “Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni.”

A gbé fèrè kọ́ ògiri. Èmi ni mo lọ bá tíṣà, mo ṣàlàyé fún un ní sùúrù. Àwọn tó mọ̀ mí ò gbà mí gbọ́ pé sùúrù ni. Pẹ́pẹ́yẹ ní oògùn náà dùn bí ọṣẹ. Ó bì í lẹ́ẹ̀mejì, ó tún mu ún. Ìdákẹ́ náà ṣì ń wá níbẹ̀rẹ̀, dókítà fi kún oògùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Mo ń ránṣọ, ojú mi ń bẹ lára ọmọ, mo gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò lópin mọ́. A ti máa ń pè é ní ọmọ jẹ́ẹ́. Irọ́ ni! Ayékòótọ́ la bí, àwọn ibi tó ti ń já ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó ń bi mí ní ìbéèrè láti àárọ̀ títí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni màá rántí, màá sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí a padà lọ sọ́síbítù, wọ́n tún lẹ wáyà mọ́ ọn lórí. Ó fẹ́ òdòdó. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ. Òdòdó ò dúró.

“Àgbọ̀nrín,” dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ mú òdòdó kúrò lẹ́nu. “Àgbọ̀nrín wo? Kí ló ṣe é?”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní oògùn á ṣì máa bá a lọ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kí a gbé fèrè fún ọmọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni. Ìyàwó wa ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera. Mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀, mo wá dúró tì í. Àbúrò mi mú fèrè sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó nù ún, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, òun nìkan àti èmi la mọ̀ ọ́n.

Orin olókè gígùn yẹn ni Pẹ́pẹ́yẹ mú. Bàbá rẹ̀ gbé e pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà, wọ́n ń gùn ún, ìyàwó wa di ọwọ́ mi mú. Wọ́n dé téńté. Àbúrò mi gbé fèrè tirẹ̀ kúrò lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀, ó ń dúró dè é.

Pẹ́pẹ́yẹ kò dúró. Ó kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn lọ sí apá orin tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, òun nìkan, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Nígbà tó dé ibi tí orin ti ní kó sinmi, ó sinmi. Ó mú èémí. Ó tún fun lọ títí ó fi parí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ti dáwọ́ lílù dúró.

Ó gbé fèrè sílẹ̀, ó yíjú sí bàbá rẹ̀ tó gbé fèrè sọ́wọ́, tó tẹjú mọ́ ọn, tí kò mira.

“Dádì,” ó ní, “níbo lẹ lọ?”

“Mi ò lọ ibì kankan,” ni àbúrò mi dá a lóhùn, omi ń dà lójú rẹ̀.